Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Ọsàn Lé Wa Kiri

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni ogun ká èmi àti Bísí ìyàwó mi mọ́ gbàgede ìlú kékeré kan, lójú ọ̀nà tó lọ sí òkè oníyìnyín láti Torino ní Italy. Kí ẹni tó ti rí ogun ìbọn rí má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ọsàn kì í ṣe ọta. Ṣùgbọ́n mo sá, mo ṣubú, mo gbọ́ igbe ìyàwó mi, n kò sì rí i. N kò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ohun tó gbé wa débẹ̀ nìyí. Inú òtútù ni Bísí ti Òṣogbo dé bá mi ní Moncalieri. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti jáde, òun nìkan ló máa ń kù nílé, tí á máa wo ìta lójú fèrèsé. Kì í jẹun dáadáa. Ó ní oúnjẹ wọn kò dùn lẹ́nu òun. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé bí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, òun á padà sílé. Kò jà, kò sunkún. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi Italy hàn án ná, èmi tí n kò mọ̀ ju ilé, iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ níbẹ̀.

A wọ rélùwéè lọ sí Padova. Òjò ń rọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé tó bo ẹ̀gbẹ́ títì la rìn, kò kàn wá. Ó wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn, ó ní ó dára. Ní Bologna, wọ́n gbé tagliatelle, oúnjẹ wọn tó rí bíi tàlíà, síwájú wa, ó ń fi fọ́ọ̀kì yí i títí ó fi tutù. "Ó dára," ló tún wí. Gbogbo rẹ̀ dára, kò sí èyí tó wù ú.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló wá sọ ti ọdún ìlú yìí fún mi. Ó ní láyé àtijọ́, ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń lọ ọkà pa olóyè burúkú tó ń jẹ gàba lé ìlú lórí, ni ará ìlú bá dìde, wọ́n sọ òkò lu àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Òkò ọjọ́ náà ló di ọsàn lónìí.

Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ ní stazione, ibùdó rélùwéè ìlú náà, bàbá kan tó ń ta fìlà pupa na méjì sí wa.

"Mettetelo, mettetelo!" Ó ń fọwọ́ lu orí ara rẹ̀, pé ká dé e.

Bísí ti nawọ́. Mo fà á sẹ́yìn. Nígbà tí mo wà níléèwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ló ń dé fìlà pupa ládùúgbò wa.

"A kì í dé fìlà ẹgbẹ́ tí a kò mọ ìmùlẹ̀ rẹ̀," mo ní.

"Ìmùlẹ̀ wo? Wo ìyá arúgbó yẹn, ó dé e. Wo ọmọ ọwọ́ yẹn!"

"Jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ ṣeun, olórí ilé."

A kò tíì rìn jìnnà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fi wọ gbàgede. Àwọn tó wà lórí rẹ̀, tó dúró fún ẹmẹ̀wà olóyè àtijọ́ yẹn, fi awọ bojú. Àwọn tó wà nílẹ̀ hó yèè, ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó ń dún gbì, gbì, lára ògiri, lára ènìyàn. Ọ̀kan bà mí létí, mo yọ̀ ṣubú nínú ọsàn fífọ́. Nígbà tí mo máa dìde, Bísí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́.

"Bísí! Bísí!"

"Mo wà níbí o, olórí ilé! Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ojú mi ṣe!"

Ẹnu ọ̀nà kan ló sá sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú. Ìyá àgbà kan ṣílẹ̀kùn, ó fà wá wọlé, ó ń bú wa, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ka sí orí wa. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé wọn kì í mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọsàn lu ẹni tó bá dé fìlà pupa. Fìlà yẹn gan-an ni ààbò. Bísí wò mí. Ó sàn kó bú mi.

Ìyá náà fún un ní aṣọ tútù kó fi tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó sì bu oúnjẹ fún wa láti inú ìkòkò ńlá kan. Bísí wo inú abọ́.

"Ẹ̀wà!"

Ẹ̀wà ni lóòótọ́, awọ ẹlẹ́dẹ̀ ló fi sè é. Bísí tọ́ ọ wò. "Ó jinná o. Ata ló kù." Ló bá fa ìgò ata gbígbẹ yọ nínú báàgì, ó gbọ̀n ọ́n sí i. Ìyá náà bu díẹ̀ wò, ó wúkọ́, ojú rẹ̀ dami, ó tún na abọ́ tirẹ̀ síwájú. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bísí jẹ ẹ́ tán, ó tún gbà sí i. N kò tíì rí i kó jẹun bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti dé.

Nígbà tí a jáde, ogun ti tán. Àwọn tó ń lu ara wọn lẹ́ẹ̀kan ń dì mọ́ra. Ìgboro dákẹ́, ọsàn fífọ́ bo ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ìlú. Yìnyín orí òkè ti pọ́n nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Nínú rélùwéè, mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Èmi ni mi ò gbọ́ tìẹ."

Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú náà lé èjìká mi.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ìlú wo lo tún fẹ́ kí wọ́n ti lé wa?"