Ẹ̀wù Pankẹ́rẹ́ Ara Ìgò Bàbá Àgbà

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bọ́ ẹ̀wù lára ìgò bàbá àgbà, èéfín ẹja ti gba gbogbo ilé wa ní Ugbonla, ó ń ta mí lójú. Ìyá àgbà wà nídìí ààrò, màmá mi ti wọkọ̀ lọ sí ọjà Igbokoda. Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó rò pé òun gbọ́n ju àgbà lọ.

Ìgò náà tóbi, ikùn rẹ̀ rí roboto. Ọtí òyìnbó ni wọ́n fi gbé wá sí etíkun wa láyé àtijọ́. Nígbà tí agbọ̀n tí wọ́n hun mọ́ ọn lára jẹrà, bàbá àgbà fi pankẹ́rẹ́ hun òmíràn sí i, bó ṣe máa ń hun ìgèrè tó fi ń pẹja. Òkun gbé bàbá àgbà lọ kí wọ́n tó bí mi. Wọn kò rí òkú rẹ̀ sin.

Èmi náà ní ìgèrè kékeré kan lábẹ́ afárá onípákó iwájú ilé, ẹnu rẹ̀ sì ti ya. Pankẹ́rẹ́ kì í hù nínú omi iyọ̀. Igbokoda la ti ń rà á. Mo wo ara ìgò, mo mú ọ̀bẹ. Ìgò kì í kúkú pẹja, kí ló fẹ́ fi pankẹ́rẹ́ ṣe? Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti fi ẹ̀wù ìgò tún ẹnu ìgèrè mi ṣe, mo ti rì í sómi, inú mi dùn ṣìnkìn.

Ìyá àgbà wọlé, ó bá ìgò ní ìhòòhò. Kò nà mí. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa pankẹ́rẹ́ tó kù ní ìdí ìgò, níbi tí ọ̀bẹ mi kò dé. Ó ní, "Ọma mi, ibi tí ọwọ́ bàbá àgbà rẹ kù sí láyé nìyí." Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn. A jọ fa ìgèrè jáde, ṣùgbọ́n mo ti gé pankẹ́rẹ́ náà wẹ́wẹ́, kò ṣeé hun mọ́. Nígbà tí màmá mi dé, ohun tó máa ń sọ náà ló sọ: "Abèèrè kì í ṣìnà." Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, torí pé òótọ́ ni.

Irú ìgò bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní pálọ̀ mi l'Ákùrẹ́ báyìí. Ọwọ́ àwọn arúgbó Ode Mahin àti agbègbè rẹ̀ ni mo ti ń rà wọ́n. Àwọn ọmọ mi ní eruku ni mò ń kó jọ. Mo ti kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì. Agbọ̀n èyíkéyìí tó bá já, èmi ni mo ń tún un hun, àfi ti ìgò bàbá àgbà, tó ṣì wà ní ìhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé ti bàbá àgbà. Èmi àgbàlagbà yìí ti rẹ pankẹ́rẹ́ sómi kó lè rọ̀ nítorí ìgò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo jókòó tì í títí ó fi gbẹ, ọwọ́ mi kò gbà láti bẹ̀rẹ̀.