Fèrèsé Tí Ooru Ń Gbà Kọjá

Ọ̀gá wa ló ba iṣẹ́ mi jẹ́, èmi ni wọ́n wá ń pè ní aláìmọṣẹ́.

Gíláàsì tó wà lójú fèrèsé ilé wa kì í jẹ́ kí ìtànṣán ooru kọjá. Kámẹ́rà tó ń rí ooru kò lè ti ẹ̀yìn rẹ̀ rí ohunkóhun. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣe irú mìíràn ní yàrá ìwádìí wa ní Bàrígà: mo ń yọ́ síńkì nínú ìléru títí yóò fi di oru, oru náà á pàdé gáàsì kan tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ohun tí àwọn méjèèjì bá dà á sì máa bà lé pátákó dúdú bí ìrì, fẹ́lẹ́ lórí fẹ́lẹ́. Bí ìléru bá tutù lójijì, gbogbo rẹ̀ á sán.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń dúró dè é. Wáyà tó gbóná jù ti jó ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ṣómólú rí. A ti ní kámẹ́rà tí yóò máa ṣọ́ wáyà níbẹ̀. Fèrèsé tí kò ní jẹ́ kí eruku bébà bo ojú kámẹ́rà náà ló kù.

Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni ìléru wa ń lò, torí iná ìjọba kì í dúró lójú kan. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí fèrèsé náà nípọn tó, àdúgbò hó yèè: "Wọ́n ti mú iná wá!" Ọ̀gá sáré jáde bíi gbogbo ará Èkó, ó pa jẹnẹrétọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án padà!"

"Iná dé, o ṣì fẹ́ máa jó epo? Ṣé bàbá ẹ ló ni kànga epo ni?"

Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ "kà!" nínú ìléru.

Nípàdé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó yàrá ìwádìí wa, ohun tí Ọ̀gá sọ ni pé, "Ìwé ló mọ̀, kò mọṣẹ́." Ìgbìmọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba ìléru lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí ìléru má fara kan iná ìjọba, kí lẹ rò pé yóò máa lò nígbà tẹ́ ẹ pa jẹnẹrétọ̀? Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ta ló bi Ọ̀gá ní ìbéèrè yìí nínú yín? Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó ti ń gbóná. Ẹ dáhùn: kí ni kí n sọ fún un?