Ojú Tí Mo Kọ́ sí Ìjokò

Mo rántí ìgbà tí òórùn ọṣẹ kì í kúrò lára aṣọ mi, nígbà tí mò ń ṣe kásúà ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Sango-Ọ̀tà. Àwa méjì là ń bójú tó kọ̀ǹpútà síto tí wọ́n ń kó ọṣẹ pamọ́ sí, èmi àti ọmọbìnrin kan tó ti Ìsẹ́yìn wá. Èmi ni mo kọ́ ọ ní Páítọ̀n, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, láti orí A títí dé ibi tó ti ń dá wá àṣìṣe ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá síto ní ó ti sú òun kí wọ́n máa fọwọ́ tẹ nọ́ńbà ara páálí. Ẹni tó bá lè jẹ́ kí kámẹ́rà ẹnu géètì máa ka bákóòdù, àwọn ìlà dúdú ara páálí yẹn, òun á sọ ọ́ di sítáàfù. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá ti ṣe kásúà rí, tí wọ́n lè ní kó má wá mọ́ lọ́la, á mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi.

Páítọ̀n fúnra rẹ̀ kò lójú tó fi ń ka ìlà. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi èdè mìíràn tó le jù ú lọ kọ́ ojú kan fún un, kó sì kọ̀m̀páìlì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè abẹ́nú ara tirẹ̀. Mo gbé iṣẹ́ náà lọ sílé ní Ìjokò, mo kọ́ ọ sórí láàpútọ́ọ̀pù tuntun tí mo fi ń ṣe fáàrí. Agolo mílíìkì, sàdíìnì, ọ̀rá bísíkíìtì, gbogbo ohun tó ní bákóòdù nínú ilé ló kà geere. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo ti ń pe ara mi ní sítáàfù. Ọmọbìnrin yìí ńkọ́? Ìdí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó ẹnu géètì ló máa ń jókòó sí, nígbà tí gbogbo wa bá lọ jẹun ọ̀sán. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ní ká wá fi iṣẹ́ hàn, mo ki fíláàṣì tí mo kó iṣẹ́ mi sí bọ kọ̀ǹpútà géètì. Ó kọ̀ jálẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù mi ni mo kọ́ ojú yẹn fún, ti géètì ò sì dá a mọ̀ rárá. Òógùn bò mí. Ọmọbìnrin yìí ṣí tirẹ̀ tó kọ́ sórí ẹ̀rọ yẹn gan-an, páálí kan kọjá, ó dún pín! Òmíràn kọjá, pín! Àwọn awakọ̀ tírélà pàtẹ́wọ́.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú," ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."

Ọ̀gá ní ọmọdé tó mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun, ó sì fún un ní àyè náà. Háà, mo jowú! Èmi tí mo kọ́ ọ!

Mo ti di sítáàfù báyìí, ní ilé iṣẹ́ mìíràn ní Ìgbẹsà, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé mo mọ irú iṣẹ́ yẹn. Láìpẹ́ yìí làwọn ọ̀gá wa ní àwọn ti rí ẹni tó máa wá kọ́ ojú sí géètì tiwa. Ọkọ̀ dúró, ta ló sọ̀ kalẹ̀? Ọmọ Ìsẹ́yìn! Ó rí mi, ó kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ọ̀gá mi nìyí o! Àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́."

Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n ń kí mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó dìde. Ká ní kò kí mi rárá ni, ì bá sàn fún mi.