Ìyá Ìbejì Tó Ti Gánà Dé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè dá gbé garawa omi kan rù, ni wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Erúnmu wa, pẹ̀lú ẹrù tí kò tó nǹkan. Ẹlòmíì nínú wọn ò mọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́, torí Gánà ni wọ́n bí i sí. Ìyá mi àti àwọn obìnrin ìjọ Aládùúrà wa ló ń bá wọn wá yàrá àti oko. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà bá wa gbé. Ọkọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ ní Erúnmu, pé bí òun bá ti ta ọjà tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù tán, òun á wá bá a. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó dé tó fi bí ìbejì. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè é. Ta ló ń pe abiyamọ lórúkọ nílé wa? Àrífín gbáà ni. Kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, ló ń ṣe tà, àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti dúró, á na ọrùn wo àwọn tó ń sọ̀. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó lọ sọ́jà Ẹ̀gbẹ́dá, ọkùnrin kan yà sílé wa. Ó ti gbẹ, eruku bò ó. Èmi ni mo bu omi fún un. Ó dárúkọ ìyàwó tó ń wá, a ò gbọ́ orúkọ náà rí. Ó ní oyún wà nínú rẹ̀ nígbà táwọn pínyà, pé á ti gbé ọmọ kan pọ̀n báyìí. Irú wọn pọ̀ nígbà náà, tọkọ ń wá aya, taya ń wá ọkọ. Ọkọ tí Ìyá Ìbejì sì máa ń ròyìn fún wa, ọkùnrin tó sanra dáadáa ni. Ìyá mi ronú títí, wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa. Ẹ lọ béèrè ní Lálúpon, àwọn ará Gánà pọ̀ níbẹ̀." Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ jẹ, wọ́n sì sìn ín dé ojú títì.

Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe jọ ń bó àgbàdo, ìyá mi ń ròyìn ọkùnrin náà, wọ́n sì dárúkọ obìnrin tó ń wá. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì dúró.

"Èmi ni, Màmá," ó ní. "Èmi ni mò ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Àwọn méjèèjì sáré lọ sí Lálúpon. Ọkùnrin náà ti wọkọ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó forí lé. A wá a títí, a ò rí i mọ́. Obìnrin náà ò bá ìyá mi jà. Ìyá mi ni kò dárí ji ara wọn. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ pé, "Mo gbà á sílé, mo gbẹ̀bí rẹ̀, mi ò sì bi í pé kí lorúkọ rẹ̀."

Ayé ti yí padà. Àwọn tó ń sá fún ajínigbé láti ìlú òkè ló ń sùn sínú ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ádégbayì tí mò ń gbé báyìí. Àwa ìyá arúgbó díẹ̀ là ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn, àwọn ará àdúgbò ti ti géètì wọn pa. Bí mo bá ti rí abiyamọ, orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Ọmọ-ọmọ mi ní kò bójú mu. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀kan sọ tirẹ̀ fún mi, ó wá wojú mi, ó ní, "Màmá, ṣé yàrá kan wà nílé yín?" Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti kó ayálégbé sí gbogbo yàrá ilé mi. Mo tún bu oúnjẹ sí abọ́ rẹ̀.