Sẹ́nétọ̀ Rí Ẹnu Sọ̀rọ̀ Níbi Fìdáù Alhaja Suwebat

Alhaja Suwebat onísu ti kú o. Afárá pákó tó wà láàárín Ìkòsì àti Kétu ló já mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, omi sì gbé wọn lọ tòun ti ẹrù orí wọn.

Orí afárá yìí kan náà ni Bartholomew Ṣóbọ̀wálé dúró sí nígbà ìbò, tó búra pé bí òun bá dé ilé aṣòfin àgbà, ọ̀rọ̀ afárá náà ni òun yóò kọ́kọ́ sọ. Màmá gbà á gbọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń kiri ojúlé dé ojúlé: "Ẹ dìbò fún ọmọ yìí, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ."

Ó wọlé. Nígbà tó pẹ́, rédíò kéde pé Sẹ́nétọ̀ wa dìde sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin. Rédíò ò sọ ohun tó wí. Ṣé ó tún yẹ ká máa bèèrè ni? Afárá ni, kí ló tún kù! Màmá rẹ ẹ̀wà, wọ́n dín àkàrà, wọ́n fi ṣe sàráà fún un ní mọ́sálásí lẹ́yìn Jímọ̀. "Ọmọ wa ti lanu o!" ni wọ́n ń wí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà jẹ nínú àkàrà ọ̀hún.

Akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn wa tó wà nílé aṣòfin lọ́jọ́ náà ló tú àṣírí fún mi, ọ̀rọ̀ náà sì tàn kálẹ̀. Sẹ́nétọ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù ti tutù jù, kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun dín in kù. Ó bùṣe. Láti ọjọ́ náà, kò lanu níbẹ̀ mọ́ àfi tó bá fẹ́ yán. Àkàrà tí a jẹ, àkàrà òtútù ni!

Níbi fìdáù Màmá ni ọ̀gbẹ́ni yìí ti wá rí ẹnu. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ààfáà, ó ròyìn afárá, ó ròyìn pákó tó jẹrà, ó tún sunkún lé e. Ìrẹsì tutù, ọ̀rọ̀ ò tán.

Àpínkẹ́, ọmọ olóògbé, ló dìde.

"Daddy, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àwa mọ gbogbo èyí, ibẹ̀ là ń gbà kọjá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, kí ìyá mi tó kú?"

"Ọmọ mi, ìlànà wà níbẹ̀ tá a máa ń tẹ̀ lé."

"Ìlànà wo lẹ tẹ̀ lé tí ẹ fi sọ ti òtútù?"

Sẹ́nétọ̀ dá ẹ̀rọ gbohùngbohùn padà fún ààfáà.

Ṣóbọ̀wálé, mo jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, n ò ní fi ẹ̀yin pè ọ́. Inú ń bí mi. Nígbà tí ilé aṣòfin bá tún jókòó, dìde. Dárúkọ Suwebat. Sọ bí wọ́n ṣe kú, kí o sì sọ pé ìwọ ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Bèèrè afárá. Tí o ò bá lè ṣe é, dìde lórí àga wa, kí ẹlòmíràn jókòó.

Igi ọ̀pẹ kan ni wọ́n gbé dábùú ibi tí afárá ti já. Láàárọ̀ yìí, mo rí Àpínkẹ́ lórí rẹ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń lọ sọ́jà. Sọ̀rọ̀ kí ìyẹn náà tó já.