Àǹtí Mọ́ládùn àti Ẹ̀rọ tí Ń Yàwòrán Ọkàn

Ìfọ́n ni wọ́n ti bí Àǹtí Mọ́ládùn, Ìlobù ni ó lọ́kọ sí. Àbúrò bàbá mi, Ọlátúnbọ̀sún, ni ó fẹ́ ẹ. Ẹni tí kò gbé agbègbè wa lè rò pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan, nítorí ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn láti ìlú kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti dá ìjà sílẹ̀, ìyàwó tó wá láti òdìkejì ni gbogbo ojú ń wò.

Gàrí ni ó ń ṣe. Ó máa ń ru ẹ̀gẹ́ tútù láti oko dé ẹ̀yìnkùlé láì sọ̀ ọ́ lọ́nà. Èyí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́ nígbà tí ó ní ọkàn òun ń ṣe òun. Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí: bí òun bá kúnlẹ̀ kí àgbà, tí àgbà náà sì kì òun pẹ́, bí òun bá ti ń dìde báyìí ni ọkàn òun yóò tú sáré bí ẹṣin tó já okùn. Òòyì á máa kọ́ òun, àyà òun á máa lù kìkìkì títí gàrí inú agbada kan yóò fi gbẹ.

Ní ọdún 1974, ó ṣubú ní ojúde níbi tí ó ti ń kí àlejò. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ní òun kò kúnlẹ̀ mọ́. Òun yóò máa tẹ orí ba ní ìdúró.

Bàbá Fádáhùnsí, olórí ẹbí wa, pè é síwájú gbogbo ilé.

“Ọkàn tó ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko, ṣé orúnkún ni kò lè gbé?”

“Ẹ̀gẹ́ kì í mú mi pẹ́ nílẹ̀, bàbá.”

“Ará Ìfọ́n ò ní kúnlẹ̀ fún ará Ìlobù. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká mọ̀.”

“Bàbá tó bí mi ní Ìfọ́n, ìdúró ni mo fi kí wọn lóṣù tó kọjá. Ẹ rán ènìyàn kó lọ bi wọ́n.”

Wọn kò rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí kò bá kúnlẹ̀ kí ọdún Àjíǹde tó dé, kí ó di ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Ìyá àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, bá wọn lọ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí òtítọ́. Ẹnu àwọn obìnrin méjèèjì ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ fún mi, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Stella de irin pẹlẹbẹ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Àǹtí Mọ́ládùn, ó sì fi wáyà so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kan.

“Ẹ má bẹ̀rù, iná rẹ̀ kò ní gbé yín,” ni ó wí. “Iná mànàmáná kékeré kan wà nínú ọkàn gbogbo wa. Òun ló ń pàṣẹ fún ọkàn pé kó lù. Ẹ̀rọ yìí kàn ń tọ ipa rẹ̀ ni.”

Ìwé ń jáde, kálámù tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń ya òkè kéékèèké sí i, gbogbo wọn dọ́gba. Dókítà wò ó.

“Ọkàn yín dára. Ìbẹ̀rù lásán ni.”

Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́. “Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ilé.”

Àǹtí Mọ́ládùn kò dìde. “Dókítà, ìgbà tó dákẹ́ lẹ wò ó. Ẹni tó wọ ọjà lẹ́yìn tí olè ti lọ, yóò ní kò sólè níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀, kí n dìde, kí ẹ tún un wò.”

“Àwọn aláìsàn ń dúró lóde, mà.”

“Èmi náà dúró lóde láti àárọ̀. Mi ò kúrò níbí, àfi bí ẹ bá gbé mi.”

Stella ní wáyà náà gùn tó. Dókítà mí kanlẹ̀, ó ní kó kọjú sí ògiri kó kúnlẹ̀.

“Ògiri kì í kì mí. Ìyá ọkọ mi ni kí ẹ pè.”

Ìyá àgbà rọra wọlé, wọ́n ń ṣọ́ ẹsẹ̀ gbé kí wọ́n má baà tẹ wáyà. Àǹtí Mọ́ládùn kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìrìnàjò. Ẹ kú ìjókòó.”

Ó ti pẹ́ tí Ìyá àgbà ti ki ìyàwó ọmọ wọn gbẹ̀yìn. Ẹnu wọn kọ́kọ́ wúwo. “Àbọ̀kẹ́,” ni wọ́n wí, oríkì rẹ̀ nìyẹn. “Àbọ̀kẹ́, ọmọ Ìfọ́n.” Wọ́n dárúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀, wọ́n yin ọwọ́ tó ń yan gàrí fún ọmọ wọn jẹ. Wọ́n gbàgbé ibi tí wọ́n wà. Dókítà pàápàá kò wo ẹnu ọ̀nà mọ́.

“Dìde, ọmọ mi.”

Ó dìde, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Stella gbá a mú, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Kálámù kọ́kọ́ ń họ ìwé gátagàta nítorí pé ara rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀, kálámù kò rọlẹ̀. Àwọn òkè náà fún mọ́ra bí eyín ìyarun. Dókítà ní kó di èémí rẹ̀, kó tì í sísàlẹ̀ bí obìnrin tó ń rọbí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, eré tí ọkàn náà ń sá dúró wọ́ọ́.

“Ọ̀nà àbùjá kan wà nínú ọkàn yín,” ni dókítà wí. “Iná yẹn ń gbà á yí po. Ẹ kò purọ́.”

“Mo mọ̀,” ni Àǹtí Mọ́ládùn dáhùn.

Dókítà fún un lóògùn àti ìwé tí ẹ̀rọ náà yà, ó ní kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Bàbá Fádáhùnsí ní kí ó mú ìwé náà wá kí tíṣà kan bá àwọn kà á. Ó kọ̀. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀.

“Ẹnu mi ni mo fi sọ fún yín, bàbá. Bí ẹnu mi ò bá tó, ìwé ò ní tó.”

“Èmi rí i,” ni Ìyá àgbà wí.

“Ẹ̀yin náà ti di ará Ìfọ́n nìyẹn,” ni Bàbá Fádáhùnsí wí.

“Ẹ jẹ́ kí n di ará Ìfọ́n.”

Àjíǹde dé, kò di ẹrù. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Fádáhùnsí, ó tẹ orí ba, ó sì kí wọn. Wọn kò dáhùn. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í dáhùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò dúró síbẹ̀, yóò kí wọn ketekete, yóò béèrè aya wọn, yóò béèrè àwọn ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn odi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í yára, kì í sì í kúnlẹ̀.