Bọ́nẹ́ẹ̀tì Bàálù Lórí Bákóònì Ẹ̀yìn

Lọ́dún tí iléeṣẹ́ tí mo ti ń ṣe ìṣirò owó ní Marina kógbá wọlé, èmi nìkan ni ọkùnrin tó máa ń wà nílé wa lọ́sàn-án. Ilé ẹbí ni, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí bàbá bàbá mi kọ́. Tílẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ọkùnrin inú ilé á gba ibi iṣẹ́ wọn lọ, àwọn ọmọ á lọ sílé ìwé, ìyàwó mi á lọ ṣí ìsọ̀ léèsì rẹ̀ ní Ọjà Balógun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló máa ń ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Èmi á wà lókè. Mi ò kì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀, torí tí mo bá ti fẹ́ kọjá, Màmá á bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti pè ọ́ síṣẹ́?" Màá ní wọn ò tíì pè mí. Wọ́n á ní Aláhù á ṣe é. Kò sóhun tó burú nínú ìbéèrè náà, àmọ́ ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé sínú ẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà, mo ti ra bàálù kékeré kan, irú èyí téèyàn máa ń dúró sílẹ̀ fi rìmóòtù darí lójú ọ̀run. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn. Tí mo bá na apá mi méjèèjì, agbára káká ni mo fi ń ká ìyẹ́ rẹ̀, epo sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wá bàjẹ́. Èyí tí mo rí fi dípò rẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, orí rẹ̀ yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó bo imú bàálù náà ò sì lè bò ó mọ́. Bàálù tí ò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì lè fò, àmọ́ atẹ́gùn á máa dà á láàmú, iwájú rẹ̀ á sì rí bí ẹnu tí eyín ti ká. Mo wá èyí tó máa bá tèmi mu títí, mi ò rí i. Mo ní màá ṣe é fúnra mi. Kí n má purọ́, kì í ṣe torí bàálù nìkan. Mo ń wá ohun tí màá máa tìtorí ẹ̀ dìde lórí ibùsùn láàárọ̀.

Èèyàn á kọ́kọ́ gbẹ́ fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n máa ń fi há tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ inú páálí, títí tí yóò fi rí bí imú bàálù gan-an. Á fi sáńpépà ha á kó lè dán, á wá fi sẹ́lótéèpù wé e kí résìn, ìyẹn oje tó máa ń le bí òkúta tó bá gbẹ, má baà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò máa tẹ́ aṣọ fáíbà lé e lórí ní ìpele ìpele, tí yóò sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun résìn sí i. Tó bá gbẹ, á wú fóòmù inú rẹ̀ dànù, èèpo líle á ṣẹ́kù. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà ni mo ti ra fáíbà àti résìn. Ọkùnrin tó tà á fún mi béèrè bóyá ọkọ̀ mi ló ń jò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti ní ọkọ̀ tó ń jò ju kí n sọ fún un pé bàálù ni mo fẹ́ fi ṣe.

Bákóònì ẹ̀yìn, tí yàrá wa ṣí sí, ni mo sọ di ibi iṣẹ́. Abẹ́ aṣọ tí wọ́n sá ni mo máa ń jókòó sí, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya, ṣòkòtò péńpé, àti ìbòmú. Eruku fóòmù kì í gbọn kúrò lára. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ irun, mọ́ ìpéǹpéjú, mọ́ òógùn ọrùn.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tẹ́ fáíbà, mo ti po résìn mọ́ oògùn tó ń mú un le, mo sì ti kun ìdajì, nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lórí àtẹ̀gùn. Kì í wálé lọ́sàn-án. Ohùn obìnrin mìíràn tẹ̀ lé tirẹ̀. Ìyá kan ni, oníbàárà rẹ̀ tó máa ń wá láti Abẹ́òkúta wá ra léèsì lọ tà. Irú èyí tí ìyá náà fẹ́ ti tán ní ìsọ̀, ó kù nínú yàrá wa, níbi tí ìyàwó mi máa ń kó ọjà tí ìsọ̀ ò gbà sí.

Kò síbi tí mo lè sá sí. Ìyá náà wọlé, wọ́n sì rí mi lẹ́nu ọ̀nà bákóònì, mo funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.

"Háà, èèyàn wà níbí," ni wọ́n wí.

Ìyàwó mi wò mí. Dádì ló máa ń pè mí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ètè rẹ̀, tó sì gbé e mì.

"Oníṣẹ́ ni, mà," ó ní. "Wọ́n ń bá wa tún bákóònì ṣe."

Ó yẹ kí n yọ ìbòmú kí n rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ náà di àwàdà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo kọjú sí ògiri, mo ń kun résìn lọ. Wọ́n ń tẹ́ léèsì sórí ibùsùn tí mo sùn lé mọ́jú, wọ́n ń yẹ ẹ́ wò.

"Bàbá ilé ńkọ́?" ni mo gbọ́ tí ìyá náà bi í.

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́, mà."

"Marina náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Etí mi gbóná. Mo kun ojú kan náà ní àkùntúnkùn.

Nígbà tí wọ́n di ẹrù náà tán, ìyá náà pè mí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dé ìsàlẹ̀. Orúnkún mi ò lè gbé e."

"Màá gbé e, mà," ìyàwó mi yára sọ.

"Ìwọ wo? Jẹ́ kí ọkùnrin gbé e."

Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú kọ́ọ̀bù résìn, mo gbé ẹrù náà rù.

Ohun tójú ṣì ń tì mí láti kọ sílẹ̀ ni pé, bí mo ṣe ń sọ àtẹ̀gùn yẹn kalẹ̀, ara mi fúyẹ́. Ẹnì kan rán mi níṣẹ́, mo sì ń jẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti iléeṣẹ́ wa pa, kò tíì sẹ́ni tó wò mí tó rí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, àfi ìyá yìí. Mo rọra ń gbẹ́sẹ̀ kí ẹrù náà má baà fara gbá ògiri. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọṣẹ́.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbójú sókè. "Ọmọ mi, ta ló di ẹrù lé ọ lórí?"

"Iṣẹ́ ni, mà."

Màmá wo ìyá tó wà lẹ́yìn mi, wọ́n wo ìyàwó mi, wọ́n sì padà sídìí tẹ̀sùbáà wọn. Ìyá náà ò fura, torí kò sẹ́ni tí àgbàlagbà ò lè pè lọ́mọ. Mo gbé ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń dúró dè wọ́n. Ìyá náà mú agolo mọ́ọ̀tì kan látinú báàgì wọn, wọ́n nà án sí mi.

"Ẹ fi èyí panu, ọ̀gá. Ọlọ́run á máa pèsè."

"Ẹ ṣé, mà."

Ìyàwó mi bá wọn wọ kẹ̀kẹ́ padà sọ́jà. Kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Mi ò wọ bàtà.

Bí mo ṣe fẹ́ gòkè, Màmá ní kí n dúró. "Mo gbọ́ bí obìnrin yẹn ṣe ń pè ọ́ ní ọ̀gá bí ẹni ń pe oníṣẹ́. Ṣé o ò lẹ́nu ni?"

"Mo lẹ́nu, mà."

"Kí ló wá ṣe é?"

Mo gbé mọ́ọ̀tì náà sílẹ̀ fún wọn, mo gòkè lọ.

Résìn ti gan nínú kọ́ọ̀bù. Búrọ́ọ̀ṣì dúró gbọin láàárín rẹ̀, kọ́ọ̀bù náà sì gbóná débi tí mi ò lè dì í mú. Fáíbà tí mo ti tẹ́ ti hunjọ, ibi kan le, ibi kan ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Mo gbìyànjú láti ká a kúrò, fóòmù abẹ́ rẹ̀ dá sí méjì. Mo kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn.

Nígbà tí ìyàwó mi dé nírọ̀lẹ́, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó jókòó síwájú mi, àmọ́ òun ò jẹ.

"Mi ò mọ bó ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu," ó ní.

"Kò sí nǹkan."

"Ó wà, Dádì. Ẹ má sọ pé kò sí." Ó sún àwo oúnjẹ náà mọ́ mi. "Àtìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ ni mo ti ń sọ fún wọn lọ́jà pé ẹ ṣì ń lọ sí Marina. Tí mo bá sọ pé ẹ wà nílé, wọ́n á máa káàánú mi, wọ́n á sì máa fojú kékeré wò yín. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Tí mo bá ní ẹ̀yin ni lónìí, kí ni màá sọ nípa tàtẹ̀yìnwá?"

Mo ní ó yé mi. Ó wà lọ́kàn mi láti sọ fún un pé inú mi dùn lórí àtẹ̀gùn. Mo bu òkèlè dípò rẹ̀. Irú ọkọ wo ni yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kó máa pe òun ní alágbàṣe?

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ sọ́jà. A ò jókòó sọ ọ́. Mo kàn wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ aṣọ, mo bá a jáde. Mo ń bá a gun àga mú léèsì tó wà lókè pátápátá, mo ń ká èyí táwọn oníbàárà bá ti tú kalẹ̀. Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kí mi dáadáa, wọn ò bi mí ní nǹkan kan.

Ìyá Abẹ́òkúta tún wá. Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí sí i.

"Ọ̀gá tó ń tún bákóònì ṣe kọ́ rèé?"

Ọwọ́ mi dúró lórí léèsì. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ láàárín ìsọ̀.

"Ọkọ mi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ yẹn."

Ìyá náà fọwọ́ bo ẹnu. "O dẹ̀ jẹ́ kí n di ẹrù ru ọkọ ẹ." Wọ́n yíjú sí mi. "Ẹ forí jì mí, sà. Mi ò mọ̀ ni."

"Kò wúwo, mà," ni mo wí.

"Kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀ tí ẹ funfun bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ìsọ̀ tó yí wa ká ti dákẹ́, wọ́n ń gbọ́.

"Bọ́nẹ́ẹ̀tì bàálù ni, mà."

"Bàálù?"

"Bàálù kékeré. Ó ń fò."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nísọ̀ kejì, àwọn yòókù gbè é. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n pè mí ní oníṣẹ́, tí mo ru ẹrù láìwọ bàtà, ojú ò tì mí tó báyìí. Ọkùnrin tó ti ní ewú lórí, tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó jókòó sílé tó ń ṣe bàálù. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ṣe é?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná léèsì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn. "Ṣé ó ti bàjẹ́ pátápátá ni?" ó bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ ṣe òmíràn. Tọ́jà ti wá mọ̀ báyìí, kí ló kù?"

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń ṣe é. Mo gbẹ́ fóòmù mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, résìn díẹ̀ díẹ̀ ni mo ń pò. Ìyàwó mi ń bá mi di kọ́ọ̀bù mú, ó fi gèlè bo imú torí òórùn rẹ̀. Nígbà tó le, mo gé ihò sí i: ọ̀kan fún orí ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún páìpù èéfín, ọ̀kan níwájú kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, àti èyí tó fẹ̀ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ náà lè jáde, torí tí kò bá ríbi jáde, ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, á kú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wú ju ọ̀tún lọ. Mo ha á títí, wọn ò bá ara wọn dọ́gba. Àmọ́ ó wọlé síbi tó yẹ kó wọ̀, ó sì bo gbogbo ẹ́ńjìnnì náà.

Mo gbé e lọ sí pápá kan lọ́nà Lẹ́kí tí wọ́n fi yanrìn dí, níbi táwọn tó ní irú bàálù bẹ́ẹ̀ máa ń pàdé. Gbogbo tiwọn ló ń dán, rírà ni wọ́n ra bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn. Mo dúró jìnnà díẹ̀ sí wọn. Bàálù mi gbéra, ó yí pápá náà po, mo sì gbàgbé ara mi fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì kú lójú ọ̀run. Ihò ìsàlẹ̀ ò tíì fẹ̀ tó. Mo rọra darí rẹ̀ wálẹ̀, ó fi imú gbá yanrìn, bọ́nẹ́ẹ̀tì náà sì sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti lẹ̀ ẹ́, mo ti fẹ ihò náà, ó ń fò dáadáa báyìí.

Wọn ò tíì pè mí síṣẹ́ kankan. Ìsọ̀ ni mo wà lójoojúmọ́. Mi ò lè sọ pé ìtìjú náà ti lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa àtijọ́ ní Marina ń kọjá láàárín ọjà, ó wọ kóòtù, ó ń wojú ìsọ̀ bó ṣe ń lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ìyàwó mi ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀. Kò dánu dúró, kò bojú wolẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kàn mí.

"Ẹ dìde, Dádì," ó ní. "Wọ́n ti lọ."